Orí Keje: Ta Ló Ni Ìṣẹ́jú Tó Ṣẹ́kù?

Bí ẹ bá wà ní Adó-Èkìtì lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí oòrùn sì ràn dáadáa, ẹ ri igi gbọọrọ kan mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá, kó dúró ṣánṣán, kí ẹ wá máa ṣọ́ òjìji rẹ̀. Òjìji náà á máa kúrú bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n, títí yóò fi dé ibi tí kò lè kúrú mọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìgbà tó kúrú jù yẹn ni ọ̀sán gangan, ìgbà tí oòrùn dé góńgó ìrìn rẹ̀ lójú ọ̀run. Ẹ wá wo aago ọwọ́ yín. Kò ní jẹ́ aago méjìlá. Aago méjìlá á ti kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 39.

Aago yín kò bàjẹ́, oòrùn náà kò sì pẹ́ dé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ àkókò wa di odidi, inú odidi yẹn la sì ń gbé títí dòní. Iṣẹ́ yẹn gan-an, sísọ àkókò di odidi, ni orí ìwé yìí dá lé. Lórí kọ̀ǹpútà, láíbùrárì kékeré ló ń ṣe é, àkójọ ìlànà tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn tó ń kọ kóòdù káàkiri ayé sì ń yá lò nínú iṣẹ́ tiwọn. Gbogbo rẹ̀ lè má kún ojú ewé méjì. Síbẹ̀ owó oṣù, owó ìpè, ààwẹ̀ àti ọjọ́ ìbí ọmọ ló ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jókòó tì í dáadáa.

Ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ oòrùn. Wákàtí 24 ni ayé fi ń yí ara rẹ̀ po, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́rin ni dígírì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Láti Greenwich ní London ni wọ́n ti ń ka dígírì wọ̀nyí lọ sí ìlà-oòrùn. Èkó wà ní dígírì mẹ́ta àti díẹ̀, ọ̀sán gangan sì máa ń kan Èkó ní ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú Greenwich. Adó-Èkìtì lé díẹ̀ ní dígírì márùn-ún. Tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 21. Kódà láàárín Èkìtì níbí, nígbà tí oòrùn bá dé góńgó ní Adó, ó ṣì ku ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ kó tó dé góńgó ní Ẹfọ̀n-Aláàyè.

Ìlú kọ̀ọ̀kan kò lè máa lo oòrùn tirẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin àti wáyà ìjọba ṣì máa ṣiṣẹ́ geere. Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje 1905, wọ́n fi aago Èkó sí ti Greenwich gan-an: wọ́n ju ìṣẹ́jú 13 àti ààbọ̀ yẹn nù. Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje 1908, wọ́n dá a padà. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní 1914, ọjọ́ kan náà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà, aago bọ́ sí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú Greenwich. Nígbà tó wá di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1919, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan géérégé. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ní kí ìṣẹ́jú 13 àti ààbọ̀ ti Èkó lọ síbi ààbọ̀ wákàtí tó sún mọ́ ọn jù, òdo ni yóò lọ, torí kò tíì dé ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 21 ti Adó ní tirẹ̀ yóò lọ sí 30. Bí ẹ bá ní kí àwọn méjèèjì lọ sí odidi wákàtí tó sún mọ́ wọn jù, òdo ni àwọn méjèèjì ń lọ. Báwo wá ni Èkó àti Adó ṣe dé ìṣẹ́jú 60? Ẹ wo orílẹ̀-èdè náà látòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi dígírì méjì àti díẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì parí nígbà tó kù díẹ̀ kó pé dígírì 15 ní ìlà-oòrùn. Tí ẹ bá sọ ìyẹn di ìṣẹ́jú, láti bíi 11 títí dé bíi 59 ni. Àárín rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 35. Ààbọ̀ wákàtí tó sún mọ́ 35 jù ni 30, ti ọdún 1914. Odidi wákàtí tó sún mọ́ 35 jù ni 60, ti ọdún 1919. Aṣọ tí wọ́n fi ara ẹni tó wà láàárín wọ̀n ni wọ́n dá fún gbogbo ẹbí, àwa tá a wà ní ìwọ̀-oòrùn la sì ń fi etí rẹ̀ gbálẹ̀. Tí ẹ bá pín ọdún dọ́gba, kò sí ibì kan ní Nàìjíríà tí aago kò ti ṣáájú oòrùn, ṣùgbọ́n ti Maiduguri kò pọ̀ tó tiwa.

Mo yan ọjọ́ Kérésìmesì nítorí pé ó wà lára ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún tí oòrùn fúnra rẹ̀ kì í yá, tí kì í sì í pẹ́. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po kò rí roboto, ayé sì dẹ̀gbẹ́, nítorí náà ọ̀sán gangan máa ń rìn síwá sẹ́yìn. Ní àárín oṣù Kejì, ó lè dé aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 53 ní Adó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó lè jẹ́ méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 23.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí bí odidi ṣe lè ya ọmọ ìyá nípá, ẹ wo Kétu ní Benin àti Atakpamé ní Togo. Ọmọ Yorùbá wà ní méjèèjì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni oòrùn fi yà wọ́n, ṣùgbọ́n odidi wákàtí kan ni aago fi yà wọ́n, torí pé Benin ń lo aago kan náà pẹ̀lú wa, Togo sì wà lórí ti Greenwich.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà. Ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ajílósùn, tó tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà ní aago 7:53 àárọ̀, tí àwọn tó ń ṣe owó oṣù sì fẹ́ kí gbogbo àkókò jẹ́ odidi ìṣẹ́jú 15. Láíbùrárì náà á kọ́kọ́ ka iye ìṣẹ́jú láti òru: wákàtí méje jẹ́ 420, 53 lé e, ó di 473. Á pín in sí ọ̀nà 15: ó lọ nígbà 31, ó ṣẹ́ku 8. Gbogbo ọ̀rọ̀ orí yìí wà nínú 8 tó ṣẹ́kù yẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ṣe é. Ẹ lè já a nù, kí àkókò náà padà sí 7:45. Floor ni àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè é. Ẹ lè pé e, kó di 8:00. Ìyẹn ni ceil. Tàbí kí ẹ wo èyí tó sún mọ́ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní round: 8 ju ìdajì 15 lọ, nítorí náà ó di 8:00. Ká ní 7:52 ló tẹ̀ka ni, 7 ni ì bá ṣẹ́kù, à bá sì padà sí 7:45. Nọ́ọ̀sì kan náà, àárọ̀ kan náà, ó lè jèrè ìṣẹ́jú mẹ́jọ tàbí kó pàdánù ìṣẹ́jú méje, ó kù sọ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnì kan tẹ̀ sínú kóòdù.

Odidi tí a yàn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 5, 6, 10, 12, 15, 20 àti 30 pín wákàtí dọ́gba, wọn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n pírìọ́dù ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó jẹ́ ìṣẹ́jú 40 ńkọ́? Bí ẹ bá kà á láti òru, pírìọ́dù bẹ̀rẹ̀ ní 8:00, 8:40, 9:20, 10:00, ó dára. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní 8:10 kò ní rí ti ara rẹ̀ níbẹ̀ láéláé, àfi bí láíbùrárì bá gbà kí ẹ sọ ibi tí kíkà á ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní òun fẹ́ odidi ìṣẹ́jú 25, tí kò pín wákàtí 24 dọ́gba, ó yẹ kí láíbùrárì gidi kọ̀ ọ́ fún un, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwa ará Nàìjíríà ti fi owó ara wa kọ́ ẹ̀kọ́ ceil. Oṣù Kẹjọ 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, Econet àti MTN ló gbé e dé. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Ẹni tó sọ pé “Mo ti dé o” tó sì gé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún san ₦50. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 61 san ₦100. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà yẹn á rántí bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ wà lára aago, tó sì ń sáré gé e ní ìṣẹ́jú-àáyá 55. Wọ́n á rántí fíláàṣì náà, bí gbogbo ìlú ṣe ń pe ara wọn láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e.

Oṣù Kẹjọ 2003 ni Glo ti Mike Adénúgà wọlé, tó sì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn yí padà, ká fi owó ₦50 yẹn kan náà ṣe é. Ìṣẹ́jú-àáyá kan á jẹ́ nǹkan bí kọ́bọ̀ 83. Ìpè ìṣẹ́jú-àáyá 61 á jẹ́ nǹkan bí ₦51 dípò ₦100. Bí ìpè àwọn èèyàn bá sì gùn, bá kúrú lóríṣiríṣi, ìdajì ìṣẹ́jú ni ceil máa ń fi kún ìpè kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pín in dọ́gba: ₦25 lórí ìpè kan, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Nínú kóòdù, ohun tó yàtọ̀ kò ju pé kí odidi kúrò ní 60 kó di 1. Owó tó wà láàárín 60 àti 1 yẹn kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, ti ìyálọ́jà tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì ni.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni gbígbé àkókò sókè máa ń jẹ́ ìrẹ́jẹ o. Nínú ààwẹ̀ Rámádáànì, òun gan-an ló tọ́ nígbà mìíràn. Ká ní ìṣirò fi hàn pé oòrùn máa wọ̀ ní Adó ní aago 6:52 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 ìrọ̀lẹ́. Bí láíbùrárì bá wá èyí tó sún mọ́ jù, 6:52 ni yóò tẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà, ẹni tó bá sì ṣínu lákòókò yẹn ti ṣínu kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà ìṣínu ní láti lọ sókè, sí 6:53. Sààrì ni ìdàkejì rẹ̀: bí àfẹ̀mọ́jú bá là ní 5:14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, 5:15 ló sún mọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun títí di 5:15 ti jẹun wọnú ààwẹ̀. Ti sààrì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀. Kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, òpó méjì, ọ̀nà méjì tó dojú kọ ara wọn, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ohun tí ààwẹ̀ jẹ́ sọ fún un. Àwọn tó ń ṣe kàlẹ́ńdà náà dáadáa tún máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣọ́ra lé e.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: kàlẹ́ńdà tí wọ́n ṣírò fún Èkó kò bá Adó mu. Oòrùn ti ṣáájú níbí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Ẹni tó bá ń fi àkókò sààrì Èkó gbààwẹ̀ ní Adó, ní Ìgèdè tàbí ní Ìyìn, ilẹ̀ á ti mọ́ bá a lẹ́nu oúnjẹ, bó ti wù kí wọ́n sọ ìṣẹ́jú náà di odidi dáadáa tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí “èyí tó sún mọ́ jù”, torí pé òun làwọn èèyàn máa ń rò pé kò ṣe ojúsàájú. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí àkókò bá wà ní agbedeméjì gan-an? Ilé ẹ̀kọ́ kọ́ wa pé ìdajì ń lọ sókè. Èdè JavaScript gbà bẹ́ẹ̀: 2.5 di 3. Èdè Python kò gbà: ó ní kí ìdajì lọ sọ́dọ̀ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, nítorí náà 2.5 di 2, 3.5 sì di 4. Kì í ṣe àṣìṣe. Bí ìdajì bá ń lọ sókè nígbà gbogbo, àròpọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà á máa wú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á bá ara rẹ̀ dọ́gba. Ọgbọ́n àwọn oníṣirò ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó lè ṣe fún èèyàn kan.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ló ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì mọ aago ìtẹ̀ka dáadáa. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti sọ àkókò di odidi ìṣẹ́jú 5, ìdámẹ́wàá wákàtí tàbí ìdámẹ́rin wákàtí, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ pàdánù nígbà tó bá pẹ́. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ California dá ẹjọ́ kan tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ AMN Services. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kí òṣìṣẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún oúnjẹ ọ̀sán. Bí kò bá pé, kí ọ̀gá san owó wákàtí kan lé owó rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà máa ń sọ àkókò di odidi ìṣẹ́jú 10. Àpẹẹrẹ tí ilé ẹjọ́ lò nìyí: ẹni tó jáde lọ jẹun ní 11:02, tó wọlé padà ní 11:25. Ìṣẹ́jú 23 ló lò. Ẹ̀rọ kọ 11:00 sí 11:30 sílẹ̀. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, gbèsè sì pa rẹ́. Ilé ẹjọ́ ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi odidi ka àkókò oúnjẹ òṣìṣẹ́.

Mo mú ìṣẹ́jú 23 yẹn, mo sì ro ó wò bí ẹni tó ń kọ kóòdù. Ìṣẹ́jú 25 tó wà nínú 11:25, tí a bá pín in sí ọ̀nà 10, jẹ́ 2.5. Láíbùrárì tí wọ́n bá kọ lọ́nà JavaScript á gbé e sí 11:30, oúnjẹ náà á jẹ́ ìṣẹ́jú 30. Èyí tí wọ́n bá kọ lọ́nà Python á gbé e sí 11:20, á sì jẹ́ ìṣẹ́jú 20. Òtítọ́ jẹ́ 23. Ọ̀kan fi ìṣẹ́jú méje kún un, èkejì yọ mẹ́ta kúrò, àwọn méjèèjì ló sì lè búra pé èyí tó sún mọ́ jù làwọn mú. Ohun tó fà á ni pé wọ́n sọ ìbẹ̀rẹ̀ di odidi, wọ́n tún sọ ìparí di odidi, kí wọ́n tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ á kọ́kọ́ yọ 11:02 kúrò nínú 11:25, á rí 23, ìgbà yẹn ni á tó ronú bóyá odidi kankan tiẹ̀ wúlò.

Ní 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní California kan náà lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ti pàdánù ìṣẹ́jú 470 láàárín ọdún mélòó kan nítorí ìdámẹ́rin wákàtí. Ilé ẹjọ́ náà ní bí ẹ̀rọ agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ìṣẹ́jú tí èèyàn ṣiṣẹ́, kí ó san owó ìṣẹ́jú tó ṣiṣẹ́. Wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà. Èmi fara mọ́ ìdájọ́ yẹn pátápátá. Nígbà tí akọ̀wé ń fi bírò àti rẹ́gísítà ka àkókò, odidi jẹ́ àánú fún un. Ẹ̀rọ tó mọ ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kò nílò irú àánú bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí tí òṣìṣẹ́ á fi máa san owó rẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tó fara sin ju ìwọ̀nyí lọ. Ẹ sọ àkókò tó ti di odidi tẹ́lẹ̀ di odidi lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó rí i. Ẹnì kan tẹ̀ka ní 7:22 àti ìṣẹ́jú-àáyá 29.6. Agbedeméjì 7:15 àti 7:30 ni 7:22 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30, nítorí náà ẹni yìí ṣì sún mọ́ 7:15, ó fi ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ti sọ 29.6 di 30. Kọ̀ǹpútà àárín wá sọ 7:22 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 di 7:23. Ètò owó oṣù gbà á, ó sì sọ 7:23 di 7:30. Ẹni tó bọ́ sí 7:15 bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ sí 7:30. Kò sí èyí tó ṣe ohun tí kò tọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí àkókò tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ rí fi gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ bó ṣe rí, láìfọwọ́kàn, kí odidi wà nínú òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ la ó padà sí.

Odidi tó léwu jù lọ́dọ̀ tiwa ni odidi ọjọ́. Kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú àkókò bí iye ìṣẹ́jú-àáyá tó ti kọjá láti òru ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1970, lórí aago Greenwich. Ọjọ́ kan jẹ́ 86,400 ìṣẹ́jú-àáyá. Ó wá rọrùn gan-an láti pín iye yẹn sí 86,400, ká já ìyókù nù, ká ní a ti rí ọjọ́. Òru Greenwich la rí, kì í ṣe ti Adó. Aago kan òru la máa ń bọ́ sínú ọjọ́ tuntun bí a bá ń fi irú kóòdù bẹ́ẹ̀ kà á. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 40 òru ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọjọ́ 9 ni irú ètò bẹ́ẹ̀ á kọ fún un, ohun tó sì bá wọnú ìwé ìbí, inú ìwé ìrìnnà àti ìwé ìwọléẹ̀kọ́ ló ń lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ yí àkókò náà padà sí aago Nàìjíríà ná, kí ẹ tó sọ ọ́ di ọjọ́. Àwọn tó ń kọ kóòdù ní London kì í tètè rí àṣìṣe yìí nígbà òtútù, torí pé aago wọn àti ti Greenwich jẹ́ ọ̀kan náà. Àwa ló ń bá.

Ibi tí ìtàn àtijọ́ àti kóòdù ti wá pàdé ara wọn nìyí. Àkójọ kan wà tí Arthur David Olson bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tó ń tọ́jú àwọn ìgbà tí àwọn ìlú káàkiri ayé yí aago wọn padà. Ó wà nínú fóònù tó wà lápò yín. Africa/Lagos ni orúkọ tiwa níbẹ̀, Porto-Novo, Niamey, Douala àti Luanda sì ń gba abẹ́ orúkọ náà. Gbogbo ọjọ́ tí mo kà sókè, 1905, 1908, 1914, 1919, ló wà nínú rẹ̀. Láíbùrárì pytz, tó gbajúmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tó ń lo Python, máa ń ka àkójọ yìí. Bí ẹni tó ń kọ kóòdù bá kàn fún datetime, ohun tí Python fi ń tọ́jú ọjọ́ àti àkókò, ní Africa/Lagos ti pytz lójú ẹsẹ̀, láì gba ọ̀nà localize tí pytz là sílẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ lójú àkójọ ló máa mú: ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, oòrùn Èkó kí òyìnbó tó fọwọ́ kan aago. Pytz tún ti sọ ọ́ di odidi ìṣẹ́jú 14 kó tó gbé e jáde.

Ẹ wá wo ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ ètò ìforúkọsílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀nà Ìwòrókò. Ó tẹ 8:00 àárọ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà rò pé aago rẹ̀ fi ìṣẹ́jú 14 ṣáájú Greenwich, ó tọ́jú 7:46. Nígbà tó fẹ́ fi hàn padà, ó lo aago òde òní tó fi ìṣẹ́jú 60 ṣáájú, ó gbé 8:46 jáde. Ìṣẹ́jú 46 ti wọlé láti ibi tí kò sẹ́ni tó pè é. Ó lè fi ọjọ́ gbáko wá àṣìṣe náà nínú kóòdù tirẹ̀, kò ní rí i, nítorí pé àárín oòrùn Èkó àtijọ́ àti ìpinnu tí wọ́n ṣe ní 1919 ló ti wá. Láti ìgbà tí Python 3.9 ti dé ní 2020 pẹ̀lú zoneinfo, láíbùrárì tirẹ̀ fún aago ìlú, nínú rẹ̀, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni tún bọ́ sínú kòtò yẹn. Ṣùgbọ́n kóòdù àtijọ́ ṣì pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Bí wọ́n bá gbé láíbùrárì kan fún yín pé kó máa sọ àkókò di odidi ní ilé-iṣẹ́ yín, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá ó dára. Ẹ dán an wò lọ́nà mẹ́rin. Ẹ fún un ní 7:52 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 pẹ̀lú odidi ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wò ó bóyá ìwé rẹ̀ sọ ibi tí ìdajì ń lọ. Ẹ fún un ní 12:40 òru, kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni. Ẹ fún un ní odidi ìṣẹ́jú 25, kí ẹ rí i bóyá á kọ̀. Ẹ wá fún un ní aago 11:53 alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kó sọ ọ́ di ìdámẹ́rin wákàtí tó sún mọ́ ọn jù. Ìdáhùn tó tọ́ ni òru ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún tuntun, pẹ̀lú ọjọ́, oṣù àti ọdún rẹ̀. Bí ó bá dá 00:00 nìkan padà láìsí ọjọ́, nọ́ọ̀sì tó jáde níṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn á dà bí ẹni tó jáde kó tó wọlé. Ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.